Ilé ìwòsàn tí mo gbé ọmọ-ọmọ mi lọ ní Iléṣà nígbà tí kò fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́

Bí ọmọ tó ti ń sáré kiri inú ilé bá ṣàdédé jókòó sílẹ̀, tó ní òun ò dìde, tó ń figbe ta bí ẹ bá gbé e nàró, ilé ìwòsàn aládàáni kan wà ní Iléṣà níbí, lápá Òkèṣà, tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé kí ẹ gbé e lọ. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ dókítà ibẹ̀ kí n dárúkọ wọn, ó ní kí n jọ̀ọ́, ibi tí àwọn wà ò tóbi, àwọn ò fẹ́ kí èrò ya bo àwọn. Ẹni tó bá bi àwọn ìyá ọlọ́mọ ní agbègbè náà pé níbo ni dókítà obìnrin tó ń wo ọmọdé wà, wọ́n á júwe rẹ̀ fún un. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lójú mi ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn níbẹ̀.

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi, ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀, òun la sì fi ń pè é nínú ilé. Ó jí lójú oorun ọ̀sán, ó rá dé ọ̀dọ̀ mi, mo gbé e nàró, ó ká ẹsẹ̀ òsì kò, kò jẹ́ kó kanlẹ̀. Mo tún gbìyànjú, ó ké bí ẹni tí wọ́n fi iná jó.

Ẹ mọ bí ilé wa ṣe máa ń rí. Kíá ni èrò pé, kálukú sì ní oògùn tirẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní eyín ló ń hù. Wọ́n ní làkúrègbé ni. Ìyàwó àbúrò mi ti ń yọ́ òrí, ó ní ká fi wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ kó tó di pé a gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ní Ìsọ̀kùn. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa tilẹ̀ ti ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ kí n tó rojọ́ tán. Kò wo ẹsẹ̀ ọmọ, kò fọwọ́ kan ara rẹ̀ bóyá ó gbóná, ó ṣáà ní ibà ni, ká da ọmọ délẹ̀ kí òun gún un ní ìdí. Mo ní rárá, mo sì gbọ́mọ pọ̀n. Ní ilé ìwé tí mo ti kọ́ni, ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ní ìdí nígbà tó wà ní kékeré, láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kì í gbé sókè mọ́, ìka ẹsẹ̀ ló fi ń gbálẹ̀ bó ṣe ń rìn. Nígbà tí mo sọ èyí fún dókítà, ó fi ìka fa ìlà láti ìbàdí mi dé ẹ̀yìn itan, ó ní iṣan ńlá kan gba ibẹ̀ kọjá tó ń darí ẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ tó bá kàn án lè sọ ọmọ di arọ ẹsẹ̀ kan, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ itan ni wọ́n ń gún ọmọ kékeré. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ẹnikẹ́ni ti gún Àbẹ̀kẹ́ lábẹ́rẹ́ kankan láìpẹ́. Inú mi dùn pé mo lè dáhùn pé rárá.

Yàrá dókítà náà ò ju yàrá kan lọ, ẹní ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló tẹ́ sílẹ̀, kò sí ibùsùn gíga. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá," ó wá jókòó sórí ẹní lọ́dọ̀ ọmọ. Ó béèrè orúkọ tí à ń pè é nínú ilé, Àbẹ̀kẹ́ náà ló sì ń pè é títí a fi ṣetán. Ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ fi gbogbo àkókò rẹ̀ bi mí. Ṣé ó ti ń rìn tẹ́lẹ̀, àbí kò rìn rí? Ó ní ìbéèrè méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá nìyẹn. Ọmọ tó pé oṣù méjìdínlógún tí kò tíì rìn, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n èyí tó ti ń rìn tó wá dáwọ́ dúró, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e wá. Ṣé ó ṣubú? Ṣé ara rẹ̀ gbóná? Ṣé ó ní ọ̀fìnkìn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn? Ṣé ìrora ń jí i lóru? Kí ló ń jẹ? Kí ni jẹ́nótáìpù bàbá àti ìyá rẹ̀? Ṣé ó ti mu oògùn rọpárọsẹ̀ rẹ̀ pé?

Ó wá ní kí n bọ́ ọ láṣọ tán, kó ku pátá. Ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó tan iná fóònù sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó yẹ àárín ìka kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ̀gún kékeré tàbí bàtà tó fún ti gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ rí, irun orí ìyá pàápàá a máa wé mọ́ ìka ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ títí ìka náà á fi wú. Ó tẹ ikùn rẹ̀ káàkiri, torí ọmọ tí inú ń run burúkú lè kọ̀ láti dìde. Ó ní bó bá jẹ́ ọkùnrin ni, òun ì bá wo kórópọ̀n rẹ̀, torí èyí tó bá lọ́ pọ̀ máa ń le gan-an, ọmọ tí kò tíì gbọ́n ò sì ní lè sọ ibi tó ń dùn ún. Ó ju bisikíìtì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó sì jẹ ẹ́. "Ẹ̀yìn rẹ̀ kò níṣòro," ó wí. Ọmọ tí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí òmíràn bá wọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní lè tẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn náà á le gbagidi.

Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e ni mi ò lè gbàgbé. Ó gbé àpò mi lọ sí igun yàrá, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó lọ mú un." Àbẹ̀kẹ́ rá lọ bá àpò náà, ó yára, kò sunkún. Dókítà ń wò ó láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ wò ó, orúnkún ló gbé ara lé. Bó bá jẹ́ ìgbáròkó tàbí itan ló ń dùn ún, kò ní lè rá báyìí. Láti orúnkún lọ sísàlẹ̀ ni ibi tí mò ń wá wà." Mo ti tọ́ ọmọ, mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò rí ẹni tó wo bí ọmọ ṣe ń rá rí láti fi mọ ibi tí àrùn wà.

Ìgbà yẹn ló tó kan ẹsẹ̀ òsì. Itan, kò sunkún. Orúnkún, kò sunkún. Nígbà tó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀ nísàlẹ̀, tó sì yí ẹsẹ̀ náà díẹ̀, ọmọ figbe ta, omi bọ́ lójú èmi náà. Ẹsẹ̀ náà ò wú o, kò pọ́n, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Ara rẹ̀ ò gbóná.

Ó ní òun rò pé eegun ojúgun ló sán, irú èyí tó máa ń yí eegun ká bí okùn tí wọ́n lọ́, tó sì wọ́pọ̀ láàárín ọmọ oṣù mẹ́sàn-án sí ọmọ ọdún mẹ́ta. Kò gba pé kí ọmọ já láti ibi gíga. Kí ẹsẹ̀ há kí ara sì yí, ó tó. Ó ní ká lọ ya fọ́tò eegun, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé fọ́tò àkọ́kọ́ lè má fi nǹkan kan hàn, torí ojú sísán náà tín-ín-rín. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Fọ́tò dé, eegun rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò torí ìyẹn ní kí a máa lọ sílé. Ó gbà pé ohun tí ara ọmọ sọ fún òun lágbára ju fọ́tò lọ, ó fi POP, ohun funfun tó máa ń le tí wọ́n fi ń dá eegun dúró, gbá ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà, ó fi báńdéèjì dì í, ó ní ká padà wá ya òmíràn láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, ìgbà tí eegun tuntun á ti máa hù. Nígbà tá a padà, ìlà funfun kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun náà, ó fi ìka tọ́ mi sí i lójú fèrèsé. Àlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ ti jáde nílé ká tó padà lọ: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà jẹ́wọ́ pé ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ há sára àga oníke lẹ́yìnkùlé, ó sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí mo mọ̀ pé ó lè dun ẹlòmíràn. Dókítà bi mí ẹni tí ọmọ ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, bóyá ẹnikẹ́ni ń lù ú. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Màmá, ẹ má bínú, gbogbo ọlọ́mọ ni mo ń bi ní ìbéèrè yìí." Kò dùn mí rárá. Ọmọ tí kò tíì rìn tí eegun rẹ̀ ṣẹ́, ta ló ṣẹ́ ẹ? Ó yẹ kí ẹnì kan wà ní ìlú yìí tó ń béèrè.

Kí ó tó dì í ni ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo bi í pé kí ni ti ẹ̀jẹ̀ nígbà tó ti mọ̀ pé eegun ni. Ó ní òun kì í dá ara òun lójú nígbà tó bá kan ọmọ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni kí kòkòrò wọ oríkèé tàbí inú eegun. Ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa ní ibà, kì í jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ẹsẹ̀ náà, á sì ká itan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ibùsùn. Ẹ má fi òru ọjọ́ kan dúró dè é. Ọyún inú oríkèé ń ba eegun rírọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fà á jáde, oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kì í dá a dúró sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá Wesley Guild ní Iléṣà níbí ló ń kọ̀wé gbé e lọ, tàbí ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Abẹ́ àkóso kan náà ni méjèèjì wà. Mo fẹ́ràn dókítà tó mọ ibi tí agbára tòun pin sí.

Nípa ti jẹ́nótáìpù, ó ní nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tí àrùn náà kò ṣe ṣùgbọ́n tó lè bí ọmọ tó ní in bí AS méjì bá fẹ́ra, nítorí náà ọmọ tó ní foníkú-fọ̀ladìde kì í ṣe àjèjì nílé ẹnikẹ́ni. Àmì àkọ́kọ́ tí òbí sábà máa ń rí, láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà títí dé nǹkan bí ọdún méjì, ni kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ wú, kó máa sunkún, kó má fẹ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Àwọn ọmọ yìí náà ni kòkòrò tètè máa ń wọ eegun wọn, pàápàá irú kan tó bá ti táífọ́ọ̀dù tan. Ó bá mi nínú jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wa máa ń dúró dìgbà tí a bá fẹ́ ṣègbéyàwó ká tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa.

Àwọn ohun míì wà tó mẹ́nu bà. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́wàá lè ṣe ọ̀fìnkìn tán kí oríkèé ìgbáròkó rẹ̀ wá máa dùn ún, ìyẹn máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n dókítà ló yẹ kó sọ pé òun ni, kì í ṣe ará ilé. Ọmọ tó bá ń rẹ̀, tí ojú rẹ̀ funfun, tí àmì bí ẹni fara gbá ń yọ lára rẹ̀ láìsí ìdí, tí eegun ń dùn lóru, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò kíákíá, torí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì ṣàdédé rọ jọ̀bọ̀tọ̀ ńkọ́? Lọ́dún 2020 ni wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdáyébá, tí kò ti ara oògùn wá, ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n irú èyí tó ti ara oògùn àjẹsára yí padà ṣì ń jà níbi tí ọmọ tí kò gba oògùn bá pọ̀ sí. Nítorí náà, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ lójijì, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí, kí wọ́n sì gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́.

Ìgbà tó béèrè ohun tí Àbẹ̀kẹ́ ń jẹ ni mo rántí ìwé ìdàgbàsókè rẹ̀ nínú àpò. Ó gbà á, ó wo ìlà ìwọ̀n rẹ̀ láti oṣù dé oṣù. Àwa tá a ti dàgbà ní Iléṣà mọ ìtàn ìwé yẹn. Dókítà David Morley, òyìnbó tó ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild ní ìparí àwọn ọdún 1950, apá ibí yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe láàárín àwọn ọmọdé ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé ló bí i, ó sì tàn kárí ayé. Ó dùn mọ́ mi láti rí ọ̀dọ́mọdé dókítà tó ṣì ń kà á ní ìlú tó ti jáde. Ó ní tí ẹsẹ̀ ọmọ bá tẹ̀ bí ọrun, tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀, tó sì pẹ́ kó tó rìn, oúnjẹ ni kí a yẹ̀ wò. Àwọn oníṣègùn ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn tó fi hàn, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1996, pé àìtó káṣíọ́ọ̀mù nínú oúnjẹ ló ń fa ẹsẹ̀ títẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ò wọ́n wa. Ògì lásán, láàárọ̀, lálẹ́, kò lè gbé eegun ró. Ó ní kí n máa lọ ẹja wẹ́wẹ́ tòun teegun rẹ̀ sínú ọbẹ̀, kí n máa fún un ní mílíìkì tàbí wàrà, kí ewédú sì máa wà níbẹ̀. Ó tún yìn wá fún pípọ̀n. Ọmọ tó ya ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá, oríkèé itan rẹ̀ máa ń jókòó dáadáa sí ààyè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìgbáròkó tó yẹ̀ láti ìgbà ìbí ò fi wọ́pọ̀ láàárín wa.

Ní ti àwọn tó ń to eegun, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mo mọ àgbàlagbà tí ọwọ́ wọn ti bá gbé nàró. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, tí a ò tíì mọ̀ bóyá eegun ló sán tàbí ọyún ló wà níbẹ̀, kí wọ́n má wọ́ ọ, kí wọ́n má sì fi ọparun dì í pinpin. Ẹsẹ̀ tí wọ́n bá dì jù, ẹ̀jẹ̀ á dúró nínú rẹ̀. Dókítà náà kọ́ mi bí mo ṣe máa tẹ ìka ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ lábẹ́ POP: bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tó funfun, kó tètè pọ́n padà. Bó bá tutù, tó wú, tàbí tó ń dúdú, kí n gbé e wá lóru náà.

Mo wá dé ibi tí mo ti ní ẹjọ́. Ọmọbìnrin tó ń gba káàdì máa ń pariwo. Ó ké èsì jẹ́nótáìpù ọmọ kan jáde níwájú gbogbo wa, ìyá ọmọ náà sì tẹrí ba. Mo sọ fún dókítà, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà lójú mi, ṣùgbọ́n kò yẹ kó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ǹṣì ìta wà nínú oòrùn láti ọ̀sán lọ. Wọn ò ní ẹ̀rọ fọ́tò eegun, kẹ̀kẹ́ Maruwa la fi gbé ọmọ tí ẹsẹ̀ ń dùn lọ yà á níbòmíràn, gbogbo kòtò ojú títì ló ń bá a sunkún. Ìwé ìtọ́ni tí wọ́n fún wa, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni. Èmi lè kà á, ṣùgbọ́n obìnrin tó jókòó tì mí, tó ń ta ata ní ọjà Atakúnmọ́sà, èmi ni mo tú u fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ti bá dókítà sọ pé mo ṣetán láti bá wọn kọ ọ́ ní Yorùbá, ó sì ti gbà.

Káàdì jẹ́ 3,000 náírà, wọ́n gba 5,000 fún rírí dókítà, fọ́tò eegun ń jẹ́ 9,000 níbi tá a ti yà á, POP àti ẹ̀jẹ̀ lọ́tọ̀. Kò kéré lápò ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n wọn ò tà mí ní oògùn tí ọmọ ò nílò. Pánádọ́ọ̀lù olómi nìkan ló kọ fún ìrora, ó sì fi ìwọ̀n ọmọ ṣírò iye tí mo máa fún un.

Àbẹ̀kẹ́ ti ń rìn. Ó kọ́kọ́ ń tiro díẹ̀ nígbà tí wọ́n tú POP, dókítà sì ti ní ká má dààmú bí a bá rí i bẹ́ẹ̀, yóò lọ díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì ni dókítà ń wà níbẹ̀, láti aago mẹ́sàn-án. Ẹ tètè dé kí bẹ́ǹṣì tó bọ́ sínú oòrùn. Ẹ mú ìwé àjẹsára àti ìwé ìdàgbàsókè ọmọ dání, kí ẹ mọ jẹ́nótáìpù òbí méjèèjì, kí ẹ sì wọ aṣọ tó rọrùn láti bọ́ fún ọmọ. Bó bá jẹ́ pé ara ọmọ gbóná tí kò sì jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun, ẹ má dúró de ọjọ́ dókítà yìí rárá, Wesley Guild ni kí ẹ gbà lọ tààrà, bó bá jẹ́ òru pàápàá.